Bí Àníyàn Kò Bá Jẹ́ Kí Ẹ Sùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ìgbà tí ọkàn àgbẹ̀ kì í balẹ̀ jù lọ ni ìgbà tí irúgbìn ti wọlẹ̀ tán, tí owó ti tán lọ́wọ́, tí òjò sì ń lọ́ra. Iṣu èṣín ti tán, tuntun kò tíì tó í wà. Owó ilé ìwé ọmọ ń bọ̀, ẹni tó yáni lówó sì ń wo ọ̀nà.

Ara ló kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀. Àyà á máa lù kìkì, ọrùn á le, inú á máa rú, èèyàn á sì jí ní aago mẹ́ta òru láìsí ariwo kankan. Àwọn mìíràn á ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn bíi kòkòrò. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ọdẹ orí nìyẹn, àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣe pé èèyàn ń ya wèrè. Ṣe ni ara múra bí ẹni tí ejò yọ sí lójú ọ̀nà oko: ẹ̀jẹ̀ á sáré, iṣan á le. Ejò á lọ, ara á rọ̀. Gbèsè kì í lọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í sinmi.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ májèlé wò

Kí ẹ tó pè é ní àníyàn, ẹ bi ara yín bóyá ẹ fín oògùn kòkòrò lọ́jọ́ náà. Bí òógùn bá ń bò yín, tí itọ́ ń kún ẹnu, tí ojú ń ṣú, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, oògùn lè ti wọ ara. Ẹ bọ́ aṣọ oko, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Epo pupa àti mílíìkì kì í wo májèlé yìí. Ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń mú kí àyà lù, nítorí náà àyẹ̀wò dára.

Mímí

Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ fi imú fa èémí sínú, ẹ kà á dé 4. Ẹ tú u síta díẹ̀díẹ̀, ẹ kà á dé 6. Ọwọ́ orí ikùn ni kó máa gbéra, kì í ṣe èjìká. Ìṣẹ́jú 5, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ojú bá ń pòòyì tàbí tí ìka ń kú, ẹ ti ń fà á jù nìyẹn. Ẹ padà sí mímí tí ẹ ń mí tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ìgbà tí àyà ti ń já gan-an ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò, wọn á sì ní kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ara balẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ.

Igbá méjì

Ẹ ya 20 ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ìrònú, ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe lórí ibùsùn. Ẹ gbé igbá méjì kalẹ̀ pẹ̀lú èkùrọ́ díẹ̀. Èkùrọ́ kan fún ìṣòro kan: èyí tí ọwọ́ yín ká lọ sínú igbá kan, èyí tó ju agbára yín lọ sínú èkejì. Ẹni tó mọ̀wé lè fi ìlà pín bébà sí méjì.

Igbá àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wà. Ká ní gbèsè jẹ́ 80,000 náírà, tí ẹ sì mọ̀ pé 30,000 péré ni gàrí máa mú wá kó tó di ọjọ́ tí ẹ dá. Ẹ lọ bá olówó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ mú 10,000 dání, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ìyókù máa wá. Ẹni tó sá pamọ́ ni wọ́n ń lé. Èyí tó burú jù ni kí a lọ yá owó èlé mìíràn san èyí tó wà nílẹ̀.

Òjò wà nínú igbá kejì. Kò ní gbọ́ ìrònú wa, ṣùgbọ́n a lè fi irúgbìn díẹ̀ pamọ́ fún àtúngbìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún wá lóru, ẹ sọ fún un pé ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.

Oorun

Ẹ wo obì tí ẹ ń jẹ. Káfíìnì tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì, ó sì máa ń gba bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Obì aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lójú yín ní aago mẹ́wàá alẹ́, òun náà a sì máa mú àyà lù. Lẹ́yìn ọ̀sán, ẹ dáwọ́ dúró. Ògógóró àti paraga máa ń tètè gbé èèyàn sùn, wọn á sì jí i ní òru. Ẹ má ra oògùn oorun tàbí tramadol lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìrí dókítà: wọ́n ń di bárakú, bí ọtí bá sì bá wọn pàdé nínú ara, èèyàn lè má mí mọ́.

Bí oorun kò bá wá lẹ́yìn bíi 20 ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ jókòó síbi tí kò mọ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Ẹ máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò sùn dáadáa.

Ará ilé

“Ẹ má rò ó mọ́” kò tíì mú ìrònú kankan lọ rí. Ẹ béèrè pé, “Bàbá, kí ló wúwo jù lónìí?” kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹni náà bá ń sọ pé ayé sú òun, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ro àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè kì í fi èrò náà sí i lórí. Ẹ má dá a fi sílẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn oko, ọtapíapía àti Sniper kúrò nílé sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí ẹlòmíràn mú kọ́kọ́rọ́ náà dání. Ìrònú yìí máa ń wá bí ìjì, ó sì máa ń rọlẹ̀. Bí májèlé bá jìnnà, ẹ̀mí lè là á já. Bí paraquat, oògùn tó ń pa koríko, bá ṣì kù nílé, ẹ mọ̀ pé NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, kò sì sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀.

Ilé ìwòsàn

Bí ìbànújẹ́ tàbí ìjayà bá ti gba ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ tàbí jẹun, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Àwọn tó ń tijú, ẹ rántí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta: ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé àyíká, pẹ̀lú ẹbí kan tó ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú tí wọ́n sì tún ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko.

Ẹ mú ẹnì kan tó mọ̀ yín dáadáa dání. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí tí ẹ ń sùn, àti oògùn oko tí ẹ fín lóṣù yìí. Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àgbo pẹ̀lú, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lé orí tábìlì nọ́ọ̀sì.