Bí ìwọ̀n àti ohun èlò ṣe ń darí àwòrán thangka ti Tibet

Pinnu bí thangka, ìyẹn àwòrán ẹ̀sìn Búdà tí wọ́n ń kùn sórí aṣọ, yóò ṣe tóbi tó kó o tó fọwọ́ kan ọ̀dà, torí kíká ni wọ́n ń ká a bí ẹní. Rán etí aṣọ òwú tó hun dáadáa mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, kó o fi okùn fà á le sínú férémù tó tóbi jù ú lọ.

Fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹran sè pa á. Tó bá gbẹ, po ẹfun mọ́ gọ́ọ̀mù náà, kó o kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú àti lẹ́yìn. Rin ín díẹ̀, gbé e lé pátákó, fi òkúta dídán gbo ó títí ojú òwú ò fi ní hàn mọ́. Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, aṣọ á gan, á sì sán nígbà kíká, bó bá kéré jù, ọ̀dà á máa gbọ̀n dànù bí ìyẹ̀fun.

Ìbú ìka ni wọ́n fi ń wọn Búdà inú àwòrán náà. Ojú rẹ̀, láti ibi irun dé àgbọ̀n, jẹ́ ìka 12, ṣùgbọ́n ìka yìí ń tóbi tàbí kéré pẹ̀lú àwòrán.

Má lọ azurite, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà búlúù, kúná jù, àwọ̀ búlúù rẹ̀ á ṣì.

Ní ti àwọn thangka gàgàrà tí wọ́n ń tẹ́ sára òkè, ègé sílíìkì ni wọ́n sábà máa ń rán pọ̀ fún wọn, torí ọ̀dà á sán lára aṣọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.