Bí Mo Ṣe Yẹ Ìwé Odò Ọdún 37 Wò Kí N Tó Dá Ojú-Ọjọ́ Lẹ́bi

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé èmi nìkan lọ́wọ́, lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́ nípa ojú-ọjọ́ àti omi, jọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lójú mi. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ odò kan ránṣẹ́ sí mi, ọdún 37 gbáko, gíga omi lójoojúmọ́ àti ìṣàn, ìyẹn iye omi tó ń kọjá, tí wọ́n ṣírò láti inú rẹ̀. Lẹ́tà tó bá a wá ti sọ àbájáde kí n tó ṣí fáìlì: odò náà ń gbẹ, àyípadà ojú-ọjọ́ ló fà á, kí n ṣáà bá wọn ṣírò iye tó ti dín kù. Oṣù mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ yẹn gbà mí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí léèrè nípa iṣẹ́ yìí máa ń rò pé iwájú kọ̀ǹpútà la máa ń wà láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Mo kọ́kọ́ ya iye ìṣàn ọdọọdún sórí ìwé. Lóòótọ́, ìlà náà ń wálẹ̀. Mo fi ìdánwò Mann-Kendall yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá iye kan ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ó ní ó ń sọ̀, kò sì ṣiyèméjì. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ìròyìn ìbá ti jáde. Ohun tó gbé mi lọ́kàn ni pé kò sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró gbọọrọ fún ọdún púpọ̀, ó já lulẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta péré, ó sì tún dúró gbọọrọ lẹ́yìn náà. Ojú-ọjọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìlà tó bá rí bí àtẹ̀gùn báyìí, ọwọ́ ènìyàn ni mo kọ́kọ́ máa ń wá níbẹ̀.

Mo lọ wo òjò. Ibùdó mẹ́fà ló ń wọn òjò ní àyíká odò náà, mi ò sì lè gba ìkankan gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó ṣa òjò ibùdó kan jọ láti ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi ti ọdún kọ̀ọ̀kan lé e. Ẹ ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àròpín àwọn ibùdó yòókù, ẹ ó wá ya ọ̀kan sórí ìwé ní ìdojúkọ èkejì. Bí nǹkan kan ò bá yí padà níbi tí wọ́n ti ń wọn òjò, ìlà gígùn tó tọ́ ni ẹ máa rí. Bó bá tẹ̀, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ yẹn: ṣé wọ́n gbé ohun èlò náà kúrò ní àyè rẹ̀ ni, àbí igi kan ti dàgbà bò ó? Ìlà ibùdó kan tẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn márùn-ún tó kù ń sọ ohun kan náà: òjò kò dín kù tó iye tí odò fi já wálẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí omi náà ti gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, nítorí náà mo yíjú sí ojú ọ̀run. Ní 2002, Amẹ́ríkà àti Jámánì jọ rán sátẹ́láìtì méjì tí wọ́n ń pè ní GRACE lọ sókè. Títí iṣẹ́ wọn fi parí ní 2017, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, nǹkan bí 220 kìlómítà sì wà láàárín wọn. Bí èyí tó wà níwájú bá ń súnmọ́ ibi tí omi pọ̀ sí, òòfà ibẹ̀ á fà á síwájú díẹ̀, àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì á sì yàtọ̀ ní ìwọ̀n tó kéré ju fífẹ̀ irun orí lọ. Láti inú ìyàtọ̀ yẹn la ti ń mọ iye omi tí ilẹ̀ kan jèrè tàbí tó pàdánù lóṣooṣù. Ọ̀nà yìí ni Matthew Rodell, onímọ̀ nípa omi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fi hàn ní 2009 pé láàárín oṣù kẹjọ 2002 sí oṣù kẹwàá 2008, Rajasthan, Punjab àti Haryana ní Íńdíà pàdánù omi abẹ́ ilẹ̀ tó tó 109 kúbíìkì kìlómítà. Òjò ń rọ̀ bó ṣe yẹ lásìkò náà. Ènìyàn ló ń fà á jáde, pàápàá láti fi bomi rin oko. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ mi láti máa béèrè ẹni tó gbé omi kí n tó béèrè bóyá òjò kò rọ̀. Ṣùgbọ́n kò wúlò fún odò tèmi. Ojú àwọn sátẹ́láìtì yẹn kò ríran dáadáa níbi tí kò bá fẹ̀ tó nǹkan bí 300 kìlómítà, ilẹ̀ tí odò mi ń gba omi láti inú rẹ̀ sì kéré sí èyí gan-an. Ó dùn mí láti fi í sílẹ̀, nítorí mo ti lo ọjọ́ púpọ̀ lórí rẹ̀.

Odò fúnra rẹ̀ ló kù.

Kò sí ẹni tó ń wọn ìṣàn odò lójoojúmọ́. Gíga omi lára òpó tí wọ́n fa ìlà mítà sí ni wọ́n ń kà. Tábìlì kan, tí ẹnì kan ṣe nígbà kan rí, ló ń sọ fún wọn pé bí omi bá ga tó báyìí, ìṣàn rẹ̀ jẹ́ báyìí. Gbogbo ọdún 37 yẹn dúró lórí tábìlì kan ṣoṣo, ọdún karùn-ún sì ni ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ka òpó náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo kí wọn, mo sì béèrè bóyá wọ́n rí ohunkóhun tó yí padà. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí òpó bá ka mítà kan tẹ́lẹ̀, orúnkún mi ni omi ń dé níbi tí mo máa ń dúró sí. Ní báyìí tó bá ka mítà kan yẹn náà, ìbàdí mi ló ń dé."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Mo dákẹ́. Ìdáhùn tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ìsàlẹ̀ odò ti jìn sí i. Àwọn tó ń wa iyanrìn ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tí ìlà mi já wálẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ilẹ̀ odò bá jìn, iye omi kan náà á máa kọjá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á lọ sílẹ̀ lára òpó. Tábìlì àtijọ́ á wá sọ pé omi ti dín kù.

Ẹ̀rí ló kù. A na okùn láti bèbè dé bèbè, a sì pín fífẹ̀ odò sí ọ̀nà 25, kí ìpín kan má baà gbé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìṣàn lọ. Ní ìpín kọ̀ọ̀kan, a wọn jíjìn rẹ̀, a sì ri ẹ̀rọ kékeré kan tí omi ń yí sínú rẹ̀ láti mọ bí omi ṣe ń sáré tó. Tí ibẹ̀ ò bá jìn púpọ̀, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá jíjìn rẹ̀ láti òkè la máa ń wọ̀n ọ́n sí, nítorí eré tó ń sá níbẹ̀ súnmọ́ àròpín ti òkè àti ìsàlẹ̀. Tó bá jìn, a ó wọ̀n ọ́n ní ìdá méjì àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, a ó ro eré méjèèjì pọ̀, a ó sì pín in sí méjì. Ìpín tó fẹ̀ ní mítà 2, tó jìn ní mítà 1.5, tí omi ibẹ̀ sì ń sáré 0.6 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń gbé 1,800 lítà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá náà. Ẹ ro ìpín 25 pọ̀, ìṣàn odò nìyẹn. A ṣe é nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a ṣe é nígbà tí omi wà láàárín, a sì ṣe é láti orí afárá nígbà tó kún, torí ẹnikẹ́ni kì í wọ inú odò tó bá kún. Gbogbo ìgbà tí a wọ̀n ọ́n ni ìṣàn tí a rí ń ju ti tábìlì lọ.

Mo ṣe tábìlì tuntun fún àwọn ọdún tí ilẹ̀ odò ti jìn, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Àtẹ̀gùn yẹn pòórá. Ohun tó kù ni ìdínkù kékeré nínú àwọn oṣù tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú jù. Mi ò fẹ́ kí ìdánwò tún sáré dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Harold Edwin Hurst, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí odò Náílì, fi hàn ní 1951 pé ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọdún omi. Ìdánwò tó gbà pé ọdún kan kò mọ èkejì rí yóò sọ ọ̀wọ́ ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ di ìsọ̀kalẹ̀ tí kò lópin. Mo fi ìjọra ọdún sí ọdún kún ìṣirò. Ìdínkù náà ṣì wà, àmọ́ kò dáni lójú mọ́.

Nígbà tí mo gbé e síwájú wọn, ẹnì kan bi mí pé, "Ṣé ẹ̀ ń sọ pé ojú-ọjọ́ ò yí padà ni?" Mo ní rárá o. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kan, ó lè gbé oru omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òjò ńlá ń le sí i, ilẹ̀ sì ń yára gbẹ. Ohun tí mo sọ ni pé ìwakùsà iyanrìn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí, ẹni tó bá sì di í ru ojú-ọjọ́ ń jẹ́ kí iyanrìn náà máa lọ. Inú àwọn kan ò dùn. Wọ́n gbà pé kí a máa wọn ìṣàn odò náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún.

Wọ́n fún Bàbá ní ìwé tuntun. Àyè tí wọ́n ń kọ gíga omi àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ sí ṣì wà nínú rẹ̀, mo sì fi ọ̀pá kan tí a fa ìlà sí lára ránṣẹ́ sí wọn, torí a ti fi àyè kẹta kún un: bí omi ṣe jìn tó níbi tí wọ́n máa ń dúró sí.