Bẹ́ ẹ ṣe máa tún irú nọ́ńbà inú syscall Linux ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù kernel (ọkàn Linux), ẹ má fojú kéré `int`, irú nọ́ńbà tó lè lọ sábẹ́ òdo, rárá. Ká ní syscall yín (ọ̀nà tí ètò ń gbà bẹ kernel níṣẹ́) gba `int len`, ìyẹn gígùn dátà, ẹ wá kọ `if (len > 256) return -EINVAL;`, ó dáa lójú o, àmọ́ tẹ́nì kan bá fi -1 ránṣẹ́ ńkọ́? -1 ò ju 256 lọ, á kọjá wẹ́rẹ́, tó bá wá dé ọ̀dọ̀ `copy_from_user`, tó ń kó dátà látọ̀dọ̀ ètò wọ kernel, tó sì ń gba `unsigned long` (nọ́ńbà tí kì í lọ sábẹ́ òdo), lórí ẹ̀rọ 64-bit ó ti di 18446744073709551615 nìyẹn! Ẹ sọ ọ́ di `size_t len`, torí `size_t` náà kì í lọ sábẹ́ òdo, kẹ́ ẹ sì yí ti inú `include/linux/syscalls.h` náà.

SYSCALL_DEFINE, macro tí kernel fi ń ṣẹ̀dá syscall, ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ fi kọ́mà sáàárín irú àti orúkọ:

`SYSCALL_DEFINE2(gbe, const char __user *, buf, size_t, len)`

Ó máa ń kọ́kọ́ gba gbogbo ẹ̀ bíi `long` kó tó yí i sí irú tẹ́ ẹ kọ, torí àlébù ààbò tí wọ́n ń pè ní CVE-2009-0029 ti fi hàn pé lórí irú ẹ̀rọ bíi s390 àti powerpc 64-bit, ìdajì òkè register (àyè kékeré inú CPU tó ń gbé nọ́ńbà) lè gbé ìdọ̀tí wọlé.

Tó bá jẹ́ struct (àkójọ dátà) ni syscall yín ń gbà, `__u64`, tó máa ń jẹ́ bàìtì 8 níbi gbogbo, ni kẹ́ ẹ lò nínú ẹ̀, kì í ṣe `long`: bàìtì 4 ni long lórí 32-bit, 8 lórí 64-bit.