Ìrírí mi: àyẹ̀wò etí ọmọ mi tí a bí pẹ̀lú CMV

Ìpínlẹ̀ Minnesota tí à ń gbé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò fún CMV (cytomegalovirus), kòkòrò tó lè ba etí ọmọ jẹ́ bó bá kó o nínú oyún, ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kejì ọdún 2023. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọmọ mi mu ọmú dáadáa, ó sì yege àyẹ̀wò etí ká tó kúrò nílé ìwòsàn. Kò sí ohun tí ì bá mú mi fura.

Nígbà tí wọ́n pè wá pé wọ́n rí CMV nínú ẹ̀jẹ̀ náà, dókítà ní ká tètè gbé e wá kí wọ́n lè gba ìtọ̀ rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 21, torí lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń ṣòro láti mọ̀ bóyá inú oyún ló ti kó o. Ìtọ̀ náà jẹ́rìí sí i. Dókítà ṣàlàyé pé itọ́ àti ìtọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ló máa ń gbé kòkòrò yìí kiri, pé aláboyún lè kó o láìmọ̀ rárá. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé àwùjẹ̀ rẹ̀ láti wo ọpọlọ. Gbogbo rẹ̀ dára, nítorí náà wọn ò fún un ní valganciclovir, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú CMV. Àyẹ̀wò etí ni wọ́n ní ká má ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀: etí tó dára lónìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún díẹ̀.

Ó gbọ́dọ̀ sùn kí wọ́n tó lè ṣe ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní ká má jẹ́ kó sùn lọ́nà, ká má sì fún un lọ́mú títí a ó fi débẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí, mo ń fi aṣọ tútù nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ké. Nígbà tí a dé, wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí rẹ̀, mo fún un lọ́mú, ó sùn fọnfọn. Kọ̀ǹpútà ń fi hàn bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ìró tí wọ́n ń fi sí i létí. Etí méjèèjì pé.

Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ ní, "Ìyàwó mi, ọmọ tí mo pè tó yíjú sí mi, kí lẹ tún ń wá kiri?"

"Ẹ má bínú, mà. Etí kan lè máa gbọ́ kí ìkejì má gbọ́, a ò sì ní mọ̀ nílé."

Nígbà tó ti ń jókòó dáadáa, ọ̀nà àyẹ̀wò yí padà. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà, wọ́n ki ohun kékeré bọ̀ ọ́ létí. Bó bá gbọ́ ìró tó sì yíjú, iná á tàn nínú àpótí kan, ọ̀bọ ìṣeré kan á sì máa lu ìlù. Apá ọ̀tún, ojú ẹsẹ̀ ló ń yíjú. Apá òsì, ìró ń dún lóhùn kékeré, ìka rẹ̀ ló ń mu. Wọ́n gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ kó tó wòye. Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó tún pẹ́ kó tó rìn, torí CMV lè kan ibi tó ń mú ara dúró nínú etí. Àwọn onífísíò bá wa ṣe é, ó sì ń sáré báyìí.

Níbi tí wọn kì í ti í yẹ ọmọ tuntun wò fún CMV, bí ọmọ yín ò bá yege àyẹ̀wò etí, ẹ ní kí wọ́n gba itọ́ tàbí ìtọ̀ rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 21.