Bí mo ṣe fi menthol yọ oògùn apakoríko jáde nínú omi kànga

Lítà omi kan, 60 mílílítà dichloromethane (kẹ́míkà olómi tó ń fa oògùn jáde nínú omi), ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti wá oògùn oko nínú omi nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgò onílítà méjì ààbọ̀ á ti gbẹ kí èèyàn tó yẹ omi mẹ́rìnlá wò.

40°C péré ni dichloromethane fi ń hó. Ẹni tó bá mọ ooru Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù Ẹrẹ́nà á mọ ohun tí mò ń wí: kí o tó ráyè dé ìgò, ó ti gba imú wọlé. IARC, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, sì ti kà á mọ́ ẹgbẹ́ 2A, àwọn nǹkan tí ó jọ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Èyí tó ń dùn mí jù ni ibi tí àjẹkù rẹ̀ ń lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń dà á sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé, kànga sì wà nísàlẹ̀ gọ́tà náà. A ń wá májèlé nínú omi, a tún ń bu òmíràn sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ọ̀nà mìíràn. Ní 2003, Abbott, onímọ̀ kẹ́míkà kan, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé pé bí a bá po choline chloride mọ́ urea, nǹkan gbígbẹ méjì, wọ́n á di olómi. Ìyẹn ń yòrò sínú omi, kò lè ṣe iṣẹ́ tèmi. Èyí tí kì í bá omi rẹ́ ni mo fẹ́: menthol àti decanoic acid. Menthol ni òórùn tí à ń gbọ́ nínú Robb àti TomTom. Decanoic acid wà nínú àdín àti nínú òróró àgbọn.

Mo wọn menthol gíráàmù 15.6 àti decanoic acid gíráàmù 17.2, kí iye mólẹ́kù wọn lè dọ́gba. Decanoic acid ń yọ́ ní nǹkan bíi 31°C. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ti yọ́ nínú ike fúnra rẹ̀ bí òrí tí oòrùn pa, àfi ìgbà tí mo gbé e sí fíríìjì kí n tó lè fi ṣíbí bù ú. Òórùn òbúkọ ló ń rùn. Mo po méjèèjì, mo gbé wọn lé iná 60°C, mò ń rò ó títí ó fi mọ́ kedere. Ó tutù, kò sì dì mọ́.

Omi tí mo fẹ́ yẹ̀ wò wá láti kànga màmá kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, tí oko àgbàdo wà lẹ́yìn ilé wọn.

“Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi omi mi ṣe?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n ń fín sóko ń wọnú ẹ̀ ni.”

“Èmi ò mọ̀yẹn o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀.”

Mi ò ka ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn sí.

Ní láàbù, mo kọ́kọ́ fi omi dísítíìlì, tí kò ní èròjà kankan nínú, dán an wò. Omi mílílítà 10, èròjà mi 0.2 mílílítà; mo fi sirínjì fà á, mo tì í padà, nígbà mẹ́wàá, ó funfun bí omi ògì. Mo fi centrifuge, ẹ̀rọ tó ń fi yíyí kíákíá ya olómi sọ́tọ̀, yí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, òróró mi sì léfòó sókè, ó mọ́ kedere. Inú mi dùn. Mo ṣe omi kànga bákan náà. Ó funfun, kò sì là. Mo tún un yí, kò là. Òróró tó jókòó lókè kò tó ìdajì, nǹkan funfun pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí èépá. Atrazine, oògùn apakoríko inú oko àgbàdo, tí mo ti fọwọ́ ara mi sọ sínú omi náà, 50 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, díẹ̀ lé ní ìdajì rẹ̀ ni mo rí gbà padà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi dá centrifuge lẹ́bi. Ìgbà tí mo ń fọ túùbù tó ń yọ̀ mí lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ màmá padà sọ́kàn mi. Àdín àti omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Decanoic acid tèmi náà, ọmọ àdín ni. pH omi kànga yẹn, ìyẹn òdiwọ̀n bí omi ṣe kan sí (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó), jẹ́ 7.4, bẹ́ẹ̀ decanoic acid ti ń yòrò láti nǹkan bíi 5 lọ sókè. Ọṣẹ ni mò ń sè nínú túùbù! Èépá funfun yẹn sì ni ọṣẹ tó bá calcium inú omi dì, ohun kan náà tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ màmá hó.

Mo kán hydrochloric acid sí omi náà títí pH fi dé 3 (atrazine kò ní yí padà níbẹ̀, bí èèyàn ò bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì), mo bu iyọ̀ gíráàmù kan sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Òróró náà là gbòò. Mo fi abẹ́rẹ́ fà á, mo bu methanol là á nítorí ó ki, mo gbé e sínú HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń fi ṣóńṣó orí ìlà hàn wọ́n, mo sì fi UV, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí, kà á ní 222 nanómítà. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó padà wá, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan ń lo thymol, èyí tó wà nínú ẹ̀fínrín, dípò decanoic acid. Kì í di ọṣẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ HPLC tó ń fi UV kàwé á rí thymol fúnra rẹ̀ gàdàgbà, ó sì lè bo ohun tí à ń wá.

Nínú omi màmá gan-an, láìfi nǹkan kan sí i, ṣóńṣó kékeré kan yọ níbi tí atrazine ti ń yọ. Kò dé 1 máíkírógíráàmù nínú lítà. Mo padà lọ sọ fún wọn pé 100 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n, 0.1 sì ni ti ilẹ̀ Yúróòpù.

“Ṣé kí n máa sè é ni?”

Mo ní sísè á pa kòkòrò àrùn, kò ní lé oògùn yẹn lọ. Wọ́n ní ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni àwọn olóko máa ń fín in. A ti fi í sí pé màá tún wá pọn omi náà lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá fín in tán.