Kí ẹ tó tún head ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fọ̀, ẹ wo irú ìlà tó ń yọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó ń fi íǹkì ṣiṣẹ́. Bí ìlà bá ti yọ lójú iṣẹ́, head cleaning (fífọ head, ibi tí íǹkì ti ń tú jáde sórí bébà) lọ̀pọ̀ wa máa ń sáré tẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Íǹkì là ń dà nù yẹn! Ẹ kọ́kọ́ tẹ nozzle check, ìyẹn ìdánwò tó ń fi hàn bóyá gbogbo ihò tí íǹkì ń gbà jáde ló ń ṣiṣẹ́. Bí àlàfo bá wà nínú àwọ̀ kan, ihò ló dí. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá là, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tún un gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n bí nozzle check bá pé pérépéré, tí ìlà ṣì ń yọ ní àlàfo tó dọ́gba, ẹ fi head sílẹ̀. Bébà ni kò rìn bó ṣe yẹ. Bí ìlà bá funfun, ó ń rìn jù. Bó bá dúdú, kò rìn tó, àwọ̀ ń gun orí ara wọn. Ẹ ṣe feed calibration (títún bí ẹ̀rọ ṣe ń fa bébà ṣe), bébà tí ẹ fẹ́ lò gan-an ni kí ẹ sì fi ṣe é.

Bí lẹ́tà bá dà bí ẹni pé ó ní òjìji, ẹ ṣe alignment, ìyẹn títún head tò kí íǹkì lè máa bọ́ síbi tó yẹ.

Ti àwọ̀ tó ṣàdédé yí padà ńkọ́? Ẹ wo irú bébà tí ẹ yàn lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti fi odidi ọ̀sán kan wo ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn rí: bébà dídán ni mo yàn, èyí tí kò dán ló wà nínú rẹ̀.