Bí Mo Ṣe Tún Ìròyìn Ọdún Ọ̀ṣun Kọ Kí Ó Tó Dé Orí Afẹ́fẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí Arugbá yóò gbé igbá lọ sí odò, àbúrò mi kan lẹ́nu iṣẹ́ gbé ìròyìn ojú ewé méjì síwájú mi ní ilé-iṣẹ́ rédíò tí mo ti ń ṣe olóòtú nílùú Òṣogbo, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kà á ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìròyìn náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á sókè, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe sí ohunkóhun tí a fẹ́ kí ènìyàn fi etí gbọ́, àwọn ibì kan há mi lẹ́nu.

“Ọdún àwọn abọ̀rìṣà” ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń bọ òrìṣà ni abọ̀rìṣà, ṣùgbọ́n a ti lò ó pọ̀ mọ́ kèfèrí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fi yàn láti máa pe ara wọn ní oníṣẹ̀ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ìlú yìí náà ń bá èrò lọ sí etí odò lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ di “ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo”, ó tán.

Ó tún kọ ọ́ pé òyìnbó kan ni ó dá Igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀. Òyìnbó náà, Màmá Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bá igbó àti òrìṣà níbẹ̀ ni. Àwọn àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adebisi Akanji, Buraimoh Gbadamosi àti Kasali Akangbe ni wọ́n jọ tún ojúbọ ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì mọ ère sí i, kí UNESCO tó kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sí i, nítorí ìròyìn tí ó bá dárúkọ àlejò tí ó gbàgbé onílé ti ṣe ojúsàájú, bí kò tilẹ̀ bú ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni Ọjà Ọba, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn tí ó pàtẹ sí etí ọ̀nà ṣí kúrò nítorí èrò. Àbúrò mi kọ ọ́ báyìí: “Afọ́jú kan tó ń ta ẹ̀kọ ní òun kò mọ ibi tí òun yóò ṣí lọ. Akọ̀wé ọjà ní tiwọn sọ pé àwọn ti pèsè àyè fún un.” A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á, ni mo bá pa “afọ́jú” rẹ́, mo fi “akàndá ẹ̀dá” tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí a pe ìyá náà lórí fóònù.

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. “Akàndá kẹ̀? Ta ni Ọlọ́run ò dá, ọmọ mi? Ojú mi ló fọ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń pè mí.”

Mo ti fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ojú kúrò pátápátá, àfi bí wọ́n ṣe fi kún un pé: “Ẹsẹ̀ mi ló mọ ibi àtẹ mi. Bí mo bá ti fo gọ́tà, tí mo kan òpó iná, mo ti dé. Ibi tí wọ́n wá ń gbé mi lọ yìí, ta ni yóò mú mi dé bẹ̀?” Àṣé ojú tí mo fẹ́ fi pamọ́ gan-an ni ìròyìn.

Nígbà tí mo padà sí ìwé ni mo tó rí èyí tí ó burú ju “afọ́jú” lọ. Ìyá tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún ni àbúrò mi ń pè ní “òun”, akọ̀wé ọjà tí kò tíì pé ogójì ni ó ń pè ní “àwọn”. Èdè wa kò fi “ó” ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ṣùgbọ́n ó ń fi “wọ́n” ya àgbà sọ́tọ̀, àwa oníròyìn sì ti sọ ọ́ di ti ẹni tí ó ní ọ́fíìsì. Mo tún un kọ: “Ìyá kan tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Ọba, tí ojú wọn kò ríran, sọ pé ẹsẹ̀ àwọn ni ó mọ ibi àtẹ àwọn, àti pé àwọn nílò ẹni tí yóò mú àwọn dé àyè tuntun náà.” Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní ó dára, kí n ṣáà fi kún un pé ẹ̀kọ àwọn kì í kan. Ìyẹn kò ráyè wọlé.

Ìròyìn kékeré kan wà nísàlẹ̀ nípa “ọmọ Hausa kan tó jí ọ̀kadà ní Ọláìyá”. Láti 1998 ni ìlànà àwọn oníròyìn Nàìjíríà ti ka ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ẹ̀yà léèwọ̀, n kò sì rí ẹni tí ó kọ “ọmọ Yorùbá kan” rí nígbà tí olè bá jẹ́ tiwa. Mo yọ ẹ̀yà kúrò, mo sọ “tó jí” di “tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó jí”, mo sì kọ ọ́ pé “wọ́n ti mú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá”, nítorí ọwọ́ mi ti mọ́ “wọ́n” lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tí yóò ka ìròyìn yọjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn afurasí yìí, mélòó ni wọ́n?”

Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé “ọlọ́pàá ti mú afurasí náà lọ sí àgọ́”, ó sì sáré padà síwájú maikirofóònù.